Mo Lọ Wádìí Àna Nílùú Tí Ọkùnrin Ti Ń Wọ Aṣọ Ìyá Rẹ̀

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, àwọn ará àdúgbò wa ní Ìgandó kò jẹ́ kí n sinmi. Tí mo bá lọ ra búrẹ́dì, wọ́n á ní, "Màmá, báwo ni Faransé?" Tí mo bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, "Ìyá Bùnmi, ara yín mà ń dán o, kí ni wọ́n fún yín jẹ?" Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́ ní ìdajì-ìdajì lójú títì, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó kà á. Ẹni tó bá sì rò pé mo lọ ya fọ́tò nídìí ilé gogoro wọn, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, mi ò fojú kàn án.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé kì í ṣe ìgbádùn ni mo bá lọ. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Bùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ti ń ṣe nọ́ọ̀sì láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn nílùú kan létí òkun, lápá àríwá ilẹ̀ Faransé. Ó bá ọkùnrin kan pàdé níbẹ̀, òyìnbó, Lúùkù lorúkọ rẹ̀ bíi ti inú Bíbélì, wọ́n sì fẹ́ fẹ́ra wọn. Bàbá Bùnmi ti kú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni olórí ẹbí tó kù fún wa, òun la ń pè ní Bàbá Àgbàdo, torí Àgbàdo ló kọ́lé sí nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ronú títí, wọ́n ní, "Ìyá Bùnmi, a kì í fọmọ fún ẹni tí a ò mọ ilé rẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o lọ. Wádìí wọn dáadáa. Tó o bá dé tó o ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Tó o bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ti parí."

Bùnmi náà sọ tiẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, mi ò ní ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní rárá, ẹ má bi mí nípa ọkọ mọ́ láéláé." Ọmọ mi kì í halẹ̀. Ohun tó bá sọ ló máa ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ayé ọmọ mi ṣe di ohun tí wọ́n gbé sí mi lẹ́nu, tí mo sì gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ilé náà la sì ń wò ká tó fọmọ fún wọn. Èèyàn á lọ bá àwọn aládùúgbò, á bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, á bá obìnrin tó ń din àkàrà níwájú ilé wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ṣé wèrè wà nínú ẹbí yẹn? Ṣé wọ́n ń jalè? Ṣé àwọn ọkùnrin wọn ń na ìyàwó? Ará ilé nìkan la kì í bi, torí kò sẹ́ni tó máa sọ pé ìyá òun ò mọ ọbẹ̀ sè. Mo fi ọdún mẹ́sàn-án ṣe ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè ni mo fi jẹun. Mo ra ìwé tuntun kan bíi ti ọmọ ilé ìwé, mo kọ ìbéèrè mọ́kànlá síbẹ̀, mo fi àyè ìdáhùn sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n wá pàdé mi

Òtútù ni ohun àkọ́kọ́ tó kí mi káàbọ̀. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọyẹ́ tiwa wé e fún yín. Ọyẹ́ tiwa ń gbẹ èèyàn létè ni, ti ibẹ̀ ń wọ inú eegun lọ jókòó. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́, ojú ọ̀run dà bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò, òjò sì ń rọ̀ tí kò dá, tí kò sì pọ̀. Mo ní kí Ọlọ́run ṣàánú ọmọ mi tó ń gbé irú ibẹ̀.

Bùnmi àti Lúùkù rẹ̀ ló wá pàdé mi nílé ọkọ̀ ojú irin. Kí n tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ tán, Lúùkù ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù yẹn, pẹ̀lú kóòtù dáadáa lọ́rùn rẹ̀. Bùnmi ló kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà wù mí, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tó ń kọjá rò pé ọmọkùnrin náà ti dákú. Obìnrin kan sáré dé, ó ń fọwọ́ wo ọrùn rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Ẹlòmíràn ti gbé fóònù sétí, ó ń pe àwọn tó ń gbé aláìsàn. Mo ní, "Bùnmi, sọ fún un kó dìde kíákíá kí wọ́n tó gbé ọkọ rẹ lọ sọ́sibítù." Ọmọ náà dìde, ó gbọn eruku nù, ó sì fi ẹnu kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó tún fi kan tòsì. Ìyẹn náà tún jẹ́ tuntun. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, kò tíì sẹ́ni tó fi ẹnu kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ níta gbangba, mi ò sì mọ ibi tí ó yẹ kí n kọjú sí.

Oúnjẹ ńkọ́? Wọ́n gbé ìkòkò kan kalẹ̀ tí ìkarahun dúdú kún inú rẹ̀ bámúbámú, wọ́n ní ẹran kékeré tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan la máa fa jáde. Mo fa á fún wákàtí kan gbáko, ebi ṣì ń pa mí. Wọ́n gbé wàràkàṣì wá, ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù dé, Lúùkù sì ń fi búrẹ́dì líle jẹ ẹ́ tìdùnnú-tìdùnnú. Ní ti ata wọn, ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ata gígún tí mo dì láti ilé. Mo ń bù ú sórí gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé síwájú mi, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.

Wọn ò mọ ará ilé kejì

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ìwé mi, mo ní kí Bùnmi tẹ̀ lé mi kó máa ṣe ògbufọ̀. A lọ sí ilé ńlá tí Lúùkù gbé dàgbà, níbi tí bàbá rẹ̀ ṣì ń gbé. Bàbá náà ò sí nílé. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀, torí kì í ṣe òun ni mo wá bi. A kan ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, obìnrin arúgbó kan tó gbé ajá kékeré dání ṣílẹ̀kùn. Mo kí i, mo ní kí Bùnmi bi í bóyá ó mọ ìdílé tó wà lókè. Obìnrin náà ní òun máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo ní, ìwà wọn ńkọ́? Ó ní òun ò mọ orúkọ wọn. Mo bi í pé báwo ló ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ó ní ọdún méjìlá.

Ọdún méjìlá. Ní Ìgandó, tó o bá kó dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti mọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, wọ́n ti mọ ìlú rẹ, wọ́n ti mọ̀ pé iyọ̀ pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ rẹ. Mo pòṣé títí Bùnmi fi ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n lè gbọ́." Mo ní kí wọ́n gbọ́.

A dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì. Ó gbé èjìká sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. A dé ṣọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀kùn tì pa. Wọ́n ní àlùfáà kan ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì márùn-ún, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa yí kan ibẹ̀. Mo wo ìwé mi, ìbéèrè mọ́kànlá, kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ fún Bàbá Àgbàdo. Ṣé kí n ní mo náwó wọkọ̀ lọ wo ilẹ̀kùn?

Ohun kan tún ń dùn mí. Ìyá Lúùkù kò sí nílé yẹn. Bùnmi ní ó ti kó jáde tipẹ́tipẹ́, ó ń gbé nílùú mìíràn lápá gúúsù. Mo ní, "Kí ló lé e jáde?" Ọmọ mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, bàbá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi." Mo ní a kì í bi ará ilé. Ó ní, "Ẹ ṣá bi wọ́n." Mo ní ìgbà wo ni mo tiẹ̀ máa rí bàbá ọ̀hún, torí ìyá ìyàwó ti wọ̀lú láti àná, bàbá ọkọ kò yọjú kó ní ẹ káàbọ̀. Irú ìwà wo nìyẹn? Ó ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa wá kí mi, lẹ́yìn kánífà. Kánífà yìí ni àríyá ìgboro tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá Lúùkù àti ẹgbẹ́ wọn ń múra sílẹ̀ fún un, kò sì sí ohun mìíràn tó lè gba ọkàn wọn.

Bùnmi ní, "Mọ́mì, ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ìlú ló máa jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi èèyàn, ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀." Ó dára. Mo ní màá lọ.

Ọjọ́ kánífà

Mo rò ó pé tí gbogbo ìlú bá máa wà níta, àwọn ẹbí ọkọ á wà láàárín wọn, a kì í sì í jẹ́ kí àna bá èèyàn nínú aṣọ játijàti. Mo wọ ìró àti bùbá òfì mi aláwọ̀ ewúro, mo wé gèlè, mo kó iyùn sọ́rùn, mo gbé báàgì tó bá bàtà mu. Ìyá ìyàwó ni mí, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀.

A dé ìta. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ rí wọ gáùn olódòdó, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ obìnrin tó ní ihò, ó gbé kóòtù onírun lé e, ó fi wíìgì aláwọ̀ osàn sórí, ó kun ètè rẹ̀ pupa títí kan ibi tí kì í ṣe ètè. Irùngbọ̀n ń bẹ lábẹ́ ètè náà. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo rí mẹ́wàá mìíràn. Mo wo iwájú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Dókítà wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ìsinmi wà níbẹ̀, gbogbo wọn nínú aṣọ ìyá wọn àti ti ìyá-ìyá wọn, wọ́n gbé agboòrùn aláràbarà tí wọ́n so mọ́ igi gígùn dání. Lúùkù tó dọ̀bálẹ̀ fún mi náà ti wọ síkẹ́ẹ̀tì. Mo wo Bùnmi. Ó ní, "Mọ́mì, àṣà wọn ni." Mo ní mo ti rí i pé àṣà ni, torí tí kò bá jẹ́ àṣà, gbogbo ìlú yìí ló yẹ kí wọ́n gbé lọ Àrò.

Ohun tó wá bí mi nínú jù kò tíì dé. Obìnrin kan rí mi, ó pàtẹ́wọ́, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń yí mi ká. Wọ́n ń fọwọ́ kan gèlè mi. Ẹnìkan fi òdòdó bébà sí i. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìyàwó tẹrí ba fún mi, ó sọ̀rọ̀, Bùnmi ò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mo ní kó túmọ̀. Ó ní, "Wọ́n ní nínú gbogbo ẹni tó múra wá lónìí, tiyín ló dáa jù. Wọ́n ń béèrè ibi tẹ́ ẹ ti yá a." Èmi, pẹ̀lú òfì mi, pẹ̀lú iyùn tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, pé ara mi ni, pé aṣọ mi ni, pé báyìí ni mo ṣe rí. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Mo mú ìwé mi jáde láti bi wọ́n ní ìbéèrè. Ta ni màá bi? Ẹni tí mo bá bi orúkọ rẹ̀ á ní òun ni Màríà, ọmọ ọba obìnrin, ìyàwó atukọ̀. Ọ̀kan ní òun ni ìyá àgbà mi, ó fẹ́ gbé mi sí ẹ̀yìn pọ̀n. Ọjọ́ tí mo wá mọ ìwà àwọn èèyàn wọ̀nyí, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn ò ní ojú tiwọn lójú.

Àwọn onífèrè àti onílù kọjá, gbogbo ayé so ọwọ́ pọ̀ ní ìlà-ìlà tẹ̀ lé wọn. Èmi àti Bùnmi wà nínú ọ̀kan lára àwọn ìlà náà kí n tó mọ̀. A rìn dé iwájú ilé ìjọba ìlú. Àwọn àgbà ìlú yọ sórí bákónì òkè, mo ní bóyá wọ́n fẹ́ ṣàdúrà, tàbí kí wọ́n kí àlejò. Ẹja ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jù. Ṣàwá, ṣàwá tí wọ́n yan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, ni wọ́n ń jù sórí àwọn àgbàlagbà, tí àwọn àgbàlagbà náà ń fò sókè láti mú un. Ọ̀kan bà mí nínú gèlè, gèlè tú. Mo tẹ̀ láti mú gèlè, fèrè yí orin padà, àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn tó wà níwájú pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Eré ni wọ́n pe ìyẹn náà. Wọ́n fún mi láàárín bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fún omi rẹ̀. Bùnmi já lọ́wọ́ mi. Bàtà mi kan lọ. Mo pariwo orúkọ ọmọ mi, ìlù ò jẹ́ kí èmi fúnra mi gbọ́ ohùn mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo ń rò pé ṣé báyìí ni wọ́n máa sọ fún wọn nílé pé àárín àwọn ọkùnrin tó wọ gáùn ni mo kú sí?

Bẹ́ẹ̀ ni agboòrùn kan ṣe yọ sórí mi. Ọkùnrin gíga kan ló dì í mú, ó wọ gáùn àwọ̀ sánmà, wíìgì pupa, fìlà oníyẹ̀ẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa bí ata rodo. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà, ó dì mí lápá mú, ó ń ti èèyàn sọ́tùn-ún sósì, ó sì fà mí jáde sí òpópónà tóóró kan tí kò sí ariwo púpọ̀. Ó bọ́ kóòtù onírun rẹ̀, ó fi bò mí léjìká. Ó ní, lédè gẹ̀ẹ́sì tó le bí òkúta, pé òun ti ṣiṣẹ́ ní èbúté tipẹ́, pé àwọn atukọ̀ ló kọ́ òun. Ó ní kí n má bẹ̀rù, kí n wá mu ọbẹ̀.

Ilé ọlọ́bẹ̀

Ilẹ̀kùn ilé tó mú mi wọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo rò pé ilé rẹ̀ ni. Kì í ṣe ilé rẹ̀. Ó ní ọjọ́ kánífà, àwọn kan máa ń ṣí ilé wọn sílẹ̀, wọ́n máa ń se ọbẹ̀ àlùbọ́sà olómi sínú ìkòkò ńlá, ẹni tó bá múra wá ló lè wọlé jẹun. Kò sẹ́ni tó bi mí ní orúkọ. Obìnrin onílé gbé àwo ọbẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó fún mi ní sálúbàtà rẹ̀ fún ẹsẹ̀ mi tó wà nílẹ̀ lásán. Mo bu ata gígún mi sí ọbẹ̀ náà. Ohun àkọ́kọ́ tó dùn lẹ́nu mi láti ìgbà tí mo ti dé nìyẹn, ó sì tún bí mi nínú pé ó dùn.

Gbogbo èèyàn ń mu bíà. Ọkùnrin tó gbà mí sílẹ̀ ń mu kọfí. Mo wò ó, mo ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹni yìí gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, ará ìlú ni, àlejò ni mo sì jẹ́ sí i. Mo yọ ìwé mi. Mo bi í bóyá ó mọ Jẹ́rà, bàbá Lúùkù. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Mo ní, dáadáa? Ó ní dáadáa.

Inú mi dùn. Mo ní ṣé wèrè wà nínú ẹbí wọn? Ó ní àǹtí kan wà tó ń bá ológbò rẹ̀ jà tí wọ́n sì ń parí ìjà, yàtọ̀ síyẹn kò sí. Mo ní olè ńkọ́? Ó ní rárá. Mo ní ṣé ọkùnrin wọn ń na ìyàwó?

Ó gbé ife kọfí kalẹ̀. Ó ní, "Kò nà án. Ṣùgbọ́n Jẹ́rà mutí. Ọdún mọ́kànlá ló fi mu ún. Ó máa ń jókòó sílé bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìyàwó dúró títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó gbé báàgì. Ọmọ ò bá a lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà náà, òun ló máa ń lọ fa bàbá rẹ̀ jáde nílé ọtí létí òkun, á dì í lápá mú wálé."

Mo ń kọ ọ́. Mo ní, "Nísinsìnyí ńkọ́?" Ó ní ọdún kẹfà rèé tí kò fi ẹnu kàn án. Mo ní, "Tó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá fọmọ rẹ fún wọn?" Ó ronú, ó ní, "Fún bàbá, mi ò ní fún un ní ajá. Fún ọmọ, màá fún un lónìí. Kò fi ìgbà kan pariwo mọ́ bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi sí Jẹ́rà tí mi ò tíì rí. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ọkùnrin náà. Mo ní bàbá ọkọ tí ìyá ìyàwó ti wọ̀lú tí kò yọjú kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Mo ní ọ̀lẹ ni, ojo ni, obìnrin ló ń bà á lẹ́rù. Ó ní, "Òótọ́ ni. Ẹ ń bà á lẹ́rù gan-an."

Ibi tá a bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Bùnmi fi já wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí Lúùkù tẹ̀ lé e. Bùnmi dì mọ́ mi. Lúùkù wo ọkùnrin tó wọ gáùn àwọ̀ sánmà, ó sì pè é ní bàbá.

Mi ò mọ ìgbà tí ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Ṣé o mọ̀ pé èmi ni?" Ó ní, "Ta ló tún wọ irú aṣọ yẹn ní gbogbo ìlú yìí?" Mo ní ó tàn mí jẹ. Mo ní nílẹ̀ wa, a kì í bi ará ilé, ó sì jókòó síbẹ̀ ó jẹ́ kí n bi ará ilé. Mo bínú débi pé Yorùbá ni mo fi ń bá a wí. Ó dúró kí n parí, ó wá ní, "Màdáàmù, kò sẹ́lòmíràn tó máa sọ ọ́ fún yín. Wọ́n fẹ́ràn mi níbí. Lọ́jọ́ Ajé, tí mo bá wọ kóòtù, èmi náà ò ní lè sọ ọ́."

Mo jókòó. Mo gbé ọbẹ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, torí ẹni tó ń kọ̀wé sílé kò yẹ kó máa fi nǹkan pamọ́. Nígbà tí bàbá mi gbéra láti Ọyẹ́ lọ wádìí ọkọ mi ní Ìkọ̀lé, gbogbo àdúgbò ló fẹ́ràn Ṣẹ́gun. Wọ́n ní ọmọ dáadáa ni, aláàánú ni, òṣìṣẹ́ ni. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó tún ń mutí, wọ́n mọ̀, wọn ò sọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń gbé e wọlé láti ẹnu ọ̀nà, tí mo ń bọ́ bàtà rẹ̀, kí ọtí tó wá gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn tó ní ojú tiwọn lójú ló parọ́ fún bàbá mi. Ẹni tó kun ojú rẹ̀ ló sọ òótọ́ fún mi. Mo jẹ ọbẹ̀ náà tán.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wá kí mi lóòótọ́. Ó wọ kóòtù, ojú rẹ̀ ti mọ́, ó jókòó létí àga bí ẹni tó wá wá iṣẹ́. Yàtọ̀ sí pé òtútù pọ̀ lọ́dún yìí, kò rí nǹkan kan sọ.

Àgbàdo

Ọjọ́ kẹta tí mo padà dé, mo lọ bá Bàbá Àgbàdo nílé wọn. Wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bi mí ní ti òtútù, wọ́n bi mí ní ti oúnjẹ, wọ́n wá ní, "Ó dáa. Kí lo bá bọ̀?"

Mo ṣí ìwé, mo kà á fún wọn láti ìbéèrè àkọ́kọ́. Nígbà tí mo dé ibi ọtí, wọ́n na ọwọ́ sókè. "Dúró ná. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Bàbá ọkọ fúnra wọn ni, sà."

"Bàbá ọkọ lo lọ bi? Ìwọ tó o mọ̀wé?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Kò burú, ó ti tú ara rẹ̀ fó. Ọ̀rọ̀ parí. A kì í fọmọ fún ilé ọ̀mùtí."

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mi ò pinnu láti sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí bàbá mi dé Ìkọ̀lé, ẹ̀yin lẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ̀yin lẹ ní Ṣẹ́gun kì í fi ọtí kan ẹnu."

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń fi etí aṣọ nù ún, wọ́n nù ún kọjá bó ṣe yẹ. Mo rò pé wọ́n máa lé mi jáde.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Gbogbo wa la mọ̀. A rò pé obìnrin tó le bíi tìẹ ló máa tún un ṣe."

"Kò ṣeé tún ṣe, Bàbá. Mo gbìyànjú."

"Mo mọ̀ pé o gbìyànjú." Wọ́n gbé awò padà sójú. Wọ́n ní kí n dìde nílẹ̀, kí n jókòó sórí àga. "Kí ni ìwọ wá sọ? Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní kí n pe ọmọ náà. Mo pe Bùnmi, mo fi fóònù lé wọn lọ́wọ́, ọmọ mi sì kí wọn. Wọ́n ní, "Bùnmi, sọ fún bàbá ọkọ rẹ pé àwa ará ilé rẹ kí i. Sọ fún un pé láti ìgbà tá a ti ń fọmọ fọ́kọ, tá a sì ń fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, òun lẹni àkọ́kọ́ tó sọ òótọ́ nípa ilé ara rẹ̀. Àwa gan-an ò sọ ọ́ rí."